Ilẹ̀kùn Tí Màmá Àgbà Kò Jẹ́ Ká Tì Mọ́

Ọjọ́ Jímọ̀ la sin Màmá Àgbà. Kó tó di pé a ṣe fìdáù, Bọ̀dá Ràṣídì ti pe káfíńtà wá sílé wa ní Ìbà, pé kó kan irin mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn iwájú, irin téèyàn ń fà láti inú tí ẹni tó wà níta ò fi ní lè wọlé. Ilẹ̀ ibojì ò tíì gbẹ o! Mo bá káfíńtà lẹ́nu iṣẹ́, mo gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ò tiẹ̀ lè ní sùúrù díẹ̀?" Wọ́n ní, "Àdùkẹ́, olè ló ń wọlé, kì í ṣe òkú." Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, ọmọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún Màmá. Mi ò lè bá wọn jà ju bẹ́ẹ̀ lọ níwájú àwọn tó wá kí wa. Mo dá òòlù padà fún oníṣẹ́, mo wọ yàrá Màmá lọ, mo sì sunkún títí ojú mi fi wú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Màmá jẹ́, torí ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa wọn látọjọ́ tí wọ́n ti kú ò tẹ́ mi lọ́rùn. Gbogbo Ọ̀jọ́ ń pè wọ́n ní ìyá tó kọrin nínú sinimá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orin yẹn gan-an ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ogbó wọn sá fún. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ládùúgbò ni Ìyá Ṣadé. Ṣadé ni ìyá mi. Ó ti kú láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ làwọn èèyàn fi ń kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Màmá á sì dáhùn. Mo bi wọ́n rí pé ṣé kò dùn wọ́n ni, ṣé kí n sọ fáwọn ayálégbé kí wọ́n máa pè wọ́n ní Àlájà. Wọ́n wò mí títí. "Bí wọn ò bá pè é mọ́, ta ló máa rántí pé mo bí i?"

Orin ìyàwó ni orin náà, orin ilé wa ní Ọ̀jọ́. Bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ ọ́. Ìyàwó á máa lọ, kò gbọdọ̀ wo ẹ̀yìn. Bí orin bá ti parí, olórin á ti ilẹ̀kùn gbàgà, kí ìyàwó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Báyìí lorin ọ̀hún lọ:

Ọmọ mi, máa lọ, má wẹ̀yìn o,
Omi tútù ń dúró de ẹsẹ̀ rẹ.
Ilé ọkọ ni kó o forí sí,
Ilẹ̀kùn tó o jáde, mo ti tì í.

Omi tútù yẹn lomi tí wọ́n fi ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé ọkọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló mọ orin náà, ṣùgbọ́n tẹnu Màmá yàtọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ orógbó, wọ́n á gbá ìró mọ́ra, wọ́n á wá gbé e láìkánjú, ohùn wọn á dúró gbọn-in látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn tó gbọ́ ọ nígbà náà ní ìyàwó ń sunkún, ìyá ìyàwó ń sunkún, Màmá nìkan lojú wọn máa ń gbẹ. Bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní, "Ẹni tó ń tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹ̀, ohùn ẹ̀ ò gbọdọ̀ wárìrì."

Bó ṣe dé inú sinimá nìyí. Ẹgbẹ́ òṣèré kan wá ya ìgbéyàwó ní Ọ̀jọ́ nígbà tí ìyá mi ṣì jẹ́ ọmọge. Wọ́n gbọ́ Màmá níbi tí wọ́n ti ń sin ìyàwó gidi lọ, ni wọ́n bá bẹ̀ wọ́n. Ohùn ni wọ́n gbà, wọn ò ya ojú wọn. Nínú sinimá náà, orin yìí kọ́kọ́ dún nígbà tí ìyàwó ń lọ. Ó tún wá dún nígbà tí ìyàwó náà padà wálé bàbá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ wú. Wọn ò ṣílẹ̀kùn fún un. Ó yí padà, ó lọ fara dà á, ọkọ ronú pìwà dà, wọ́n bí ìbejì, gbogbo èrò sinimá pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, àwọn ìyá tí kì í ṣe ará Ọ̀jọ́ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fún ọmọ tó bá kẹ́rù wálé. Màmá ò fi bò fún mi pé orí àwọn wú nígbà náà. "Orin ayẹyẹ ni tẹ́lẹ̀, Àdùkẹ́. Sinimá ló sọ ọ́ dòfin, inú mi sì dùn sófin náà."

Ibi tó le nìyí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n kúrò níbẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Ìyá mi fà mí lọ́wọ́ wá sílé Màmá ní Ìbà láti Òkókómáìkò, ó ru báàgì lórí. Ojú rẹ̀ kan ti dí. Ọkùnrin tó bí mi, tó ń ta rédíò ní Alàbà, ló lù ú, kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ má bínú pé mò ń pe ìyá mi ní "ó". Mo ti dàgbà jù ú lọ báyìí. Ó kan ilẹ̀kùn. Màmá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rí wa, wọ́n rí báàgì. Mo gbọ́ tí irin dún láti inú, mo rò pé wọ́n ń ṣí i ni. Wọ́n ń tì í ni. Ni orin bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ, ohùn wọn ò wárìrì. Àwọn aládùúgbò jáde síta, àwọn kan tiẹ̀ ń gbè é. Ìyá mi dúró títí orin fi parí, bí ẹni tí wọ́n ń kí. Ó gbé báàgì padà sórí, a rìn dé Ìyànà Ìbà, ó ra pọ́fù-pọ́fù fún mi. Ó ní, "Jẹ ẹ́, kó o má bàa sunkún." Èmi kọ́ ni mò ń sunkún.

Kò pẹ́ sígbà náà tó kú. Oyún wà nínú rẹ̀, ọkùnrin yẹn tún lù ú, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ọkùnrin náà sá lọ, a ò rí i mọ́, èmi náà ò sì wá a. Lọ́jọ́ tí a ti ibi ìsìnkú dé, Màmá ò tíì tú gèlè lórí tí wọ́n fi mú òòlù. Wọ́n yọ irin ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n lọ sọ ọ́ sí gọ́tà. Àtọjọ́ náà, ilẹ̀kùn iwájú ilé wa ò ní ohun tí a fi ń tì í mọ́, Màmá ò sì kọrin mọ́, ìbáà ṣe orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ọwọ́ wọn ni mo dàgbà sí. Ṣé mo fẹ́ràn wọn? Gan-an ni. Ṣé mo bínú sí wọn? Hmm. Ẹlẹ́nu mímú lèmi, gbogbo ilé mọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà kan ṣoṣo lẹnu mi gbà á. À ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ kọrin lọ́jọ́ yẹn?" Mo rò pé wọ́n máa sọ abọ́ lù mí. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní ìyá tiwọn náà kọ ọ́ fún wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí àwọn jẹ́ ìyàwó tuntun. Wọ́n padà sílé ọkọ, Bàbá Àgbà sì di èèyàn jẹ́jẹ́ títí ó fi kú. Wọ́n bó ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. "Oògùn tó wo èmi sàn ni mo fún un lò. Mi ò yẹ àìsàn tiẹ̀ wò."

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Màmá wo ẹ̀yìn títí ọrùn fi wọ́ wọn. Ìjà ilẹ̀kùn yẹn nìkan tó ìwé kan. Bọ̀dá Ràṣídì, tó ń gbé nítòsí Navy Town, á ra àgádágodo wá. Màmá á dúpẹ́, wọ́n á fi í ti àpótí aṣọ. Olè wọlé lọ́dún kan, ó gbé sílíńdà gáàsì, ó gbé fáànù. Bọ̀dá dé, wọ́n ń pariwo, "Mọ́mì, Ìbà ti yí padà! Kì í ṣe Ìbà ayé ọjọ́ yín lèyí!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá lọ́wọ́ wa náà ń ráhùn, wọ́n sì jàre, nǹkan wọn wà nínú ilé. Màmá ní kí kálukú máa ti yàrá tiẹ̀. Wọ́n yíjú sí Bọ̀dá. "Ṣé sílíńdà ni mo bí? Ohun tí mo bí ni mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún."

Wọ́n tún ní ìwà kan tó máa ń kó ìtìjú bá mi. Bí wọ́n bá pè wọ́n síbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n á gbé ọmọ, wọ́n á ṣàdúrà fún un, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sétí ìyá ọmọ. "Ṣé ó ń lù ọ́?" Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni o, gbogbo èrò tó jókòó ló máa ń gbọ́. Ọkọ á máa fojú wá ilẹ̀. Ìyàwó á fi ẹ̀rín bò ó, á ní, "Ah, Màmá, rárá o." Ṣùgbọ́n ìyàwó ayálégbé wa kan ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ rẹ̀ wọ yàrá Màmá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì wà níbẹ̀ títí àwọn èèyàn rẹ̀ fi wá mú un láti Ìjẹ̀bú. Ó fẹ́ máa rojọ́ bó ṣe wọlé. Màmá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. "Má ṣàlàyé. Jẹun, kó o sùn."

Nígbà tó kan èmi láti lọ sílé ọkọ, àwọn obìnrin ilé wá láti Ọ̀jọ́, wọ́n ní ká gbé orin. Màmá ló dàgbà jù. Màmá kọ̀. Ọ̀rọ̀ dariwo! Wọ́n ní ṣé a fẹ́ sin ọmọ lọ bí ẹni ń lé adìyẹ jáde ni, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Màmá fà mí lọ́wọ́ jáde, wọ́n kọjú sáwọn àna mi tó wọ aṣọ rẹpẹtẹ. "Ẹ̀yin àna wa, ẹ gbọ́ o. Ilẹ̀kùn ilé yìí ò ní irin." Ìyá ọkọ mi gbà á sí èébú fún ìgbà pípẹ́. Ọkọ mi, tó jẹ́ èèyàn dáadáa, ti sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀ ní tiẹ̀. Bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ sókè, á ní, "Mo mọ̀, Àdùkẹ́, ilẹ̀kùn yín ò ní irin."

Orin kúkú wà láyé, bí Màmá ò bá tiẹ̀ kọ ọ́. Nígbà tí fíìmù olówó pọ́ọ́kú ń tú jáde láti Alàbà, àwọn kan gbé e, wọ́n fi kíbọọ̀dù sí i, wọ́n jẹ́ kó yára. Ìyàwó inú ti ọ̀tẹ̀ yìí ń lọ fẹ́ olówó. Bí orin bá dé "ilẹ̀kùn tó o jáde", wọ́n á fi ilé páànù bàbá rẹ̀ hàn. Bó bá dé "ilé ọkọ", ẹ ó rí géètì gíga àti mọ́tò olóyè. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ọkùnrin náà níwà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù Ìyànà Ìbà ló ń lu orin náà. Màmá á gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí wọ́n má bàa gbọ́. Mo fi agídí mú wọn wò ó lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n pòṣé. "Àwa ní kó fara dà á nítorí ojú ayé. Àwọn yìí ní kó fara dà á nítorí mọ́tò."

Èyí tó dé lórí fóònù láìpẹ́ ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ọkọ ni ìyàwó lé jáde. Ọkùnrin gìrìpá ru fáànù àti kúlà lórí, ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọrin fún un, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàgà. Mo fi han Màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Nígbà tó yá mo rí i pé ẹ̀rín ti tán, omijé nìkan ló kù. Wọ́n dá fóònù padà fún mi. "Ó dùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn ṣì ń dún bákan náà."

Tọ́pẹ́ ló wá fọwọ́ kan egbò náà. Ó gba yàrá nílé wa nígbà tó wà ní yunifásítì, ó sì ti dẹni tó ń ṣe fíìmù báyìí. Ó wá kí Màmá pẹ̀lú búrẹ́dì, ó kúnlẹ̀, ó ní òun ń ṣe fíìmù kan nípa obìnrin tó kẹ́rù kúrò nílé ọkọ tó ń lù ú. Ó fẹ́ kí orin Màmá dún níbi tí obìnrin náà ti ń bọ̀ nílé, àmọ́ kí Màmá yí ìparí rẹ̀ padà. Ẹ̀rù bà mí. Mo ń retí òṣé. Màmá gbé búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n bi í léèrè.

"Obìnrin inú fíìmù rẹ, ṣé ó kú?"

"Rárá, Màmá. Ó délé."

"Ìyá ẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un?"

"Ó ṣí i, Màmá."

"Ó dáa. Mo máa kọ ọ́."

Nígbà tí Tọ́pẹ́ lọ tán, mo ní ṣé ó dá wọn lójú. Wọ́n ní orin kan náà làwọn èèyàn fi ní kí obìnrin fara dà á, òun náà ni wọ́n fi ní kó wá owó lọ, òun náà ni wọ́n tún fẹ́ fi ní kó máa bọ̀ nílé. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kú kó jẹ́ pé èyí àkọ́kọ́ nìkan ló wà lẹ́nu àwọn. "Àwa èèyàn là ń yí padà, Àdùkẹ́. Orin kàn ń ru ẹ̀bi wa kiri ni."

Màmá fi ọjọ́ mélòó kan kọ́ ìparí tuntun náà. "Ilẹ̀kùn tó o jáde, mi ò tì í." Mo ń gbọ́ wọn nínú balùwẹ̀, mo ń gbọ́ wọn nídìí ààrò. Ohùn ti há, ṣùgbọ́n iyọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Sítúdíò náà wà ní Òkókómáìkò, yàrá kékeré tí wọ́n fi fóòmù bo ara ògiri rẹ̀. Màmá jẹ orógbó, wọ́n gbá ìró mọ́ra. Wọ́n gbé e, ara gbogbo wa bù máṣọ. Ọmọ mi, máa lọ. Omi tútù. Ilé ọkọ. Wọ́n dé "Ilẹ̀kùn tó o jáde," ni wọ́n bá dúró. Wọ́n tún un gbé, wọ́n tún dúró síbẹ̀. Tọ́pẹ́ bu omi fún wọn. Wọn ò mu ún. Wọ́n yọ ohun ìgbọ́hùn kúrò létí, wọ́n gbé e fún mi bí ẹni ń dá ẹrù ẹlẹ́rù padà. "Irọ́ ni. Mo tì í. Ṣadé mọ̀ pé mo tì í."

A ò padà lọ. Àìsàn dé, ó sì mú wọn lọ wẹ́rẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí a sin wọ́n. Ọ̀rọ̀ orin ni wọ́n sọ gbẹ̀yìn fún mi. Wọ́n ní kí n bẹ Tọ́pẹ́, kó má lọ fi tàtijọ́ parí rẹ̀.

Lẹ́yìn fìdáù, Tọ́pẹ́ pè mí. "Àǹtí, ohun gbogbo ti pé, ìparí orin nìkan ló kù. Ẹ bá wa parí ẹ̀. Ohùn yín jọ tiwọn." Mo ní kí ni kí n kọ? Ó ní òun fi í sọ́wọ́ mi. Ìyọnu ńlá! Màmá ò fẹ́ tàtijọ́. Tuntun ni wọ́n fẹnu ara wọn pè nírọ́. Èmi tí mo dúró níta lọ́jọ́ yẹn, tí mo gbọ́ tí irin dún, kí ni kí n wá fẹnu mi sọ pé ìyá ìyá mi ṣe?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ sí sítúdíò, mo kọ́kọ́ yà sí Ìbà kí n mú gèlè Màmá dání. Mo taari ilẹ̀kùn, kò ṣí. Mo ti gbàgbé irin tuntun ọ̀hún. Mo kàn án. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo dúró lórí sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà yẹn nínú oòrùn, báàgì lọ́wọ́ mi. Mo tún kàn án. Irin dún láti inú.

Bọ̀dá Ràṣídì, tí wọn ò tíì padà sílé wọn látìgbà ìsìnkú, ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo báàgì, wọ́n wo ibi tí mo dúró sí. Mi ò mọ̀ rí pé àwọn náà wà nínú ilé lọ́jọ́ yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú Màmá, wọn ò sì lè sọ nǹkan kan.

"Ibẹ̀ gan-an ni Àǹtí mi dúró sí," ni wọ́n wí.

Wọ́n wọlé lọ mú sùkúdíráfà. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n tú irin náà, wọn ò pe káfíńtà. Wọ́n gbé e dání, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ihò tó fi sílẹ̀ lára igi ṣì wà níbẹ̀ di òní. Mo mú gèlè Màmá, mo wé e, mo lọ.

Ní sítúdíò, wọ́n de ohun ìgbọ́hùn mọ́ mi létí. Ohùn Màmá wọlé, ó sún mọ́ mi bíi pé wọ́n ń di irun mi. Wọ́n kọ ọ́ dé "Ilẹ̀kùn tó o jáde," wọ́n dúró. Mo gbọ́ èémí wọn. Mo rántí irin tó wọ gọ́tà lọ́jọ́ ìsìnkú, mo rántí fáànù tí olè gbé, mo rántí ìyàwó ayálégbé lórí ẹní Màmá. Mo la ẹnu, mo kọ ọ́:

"Mo ti ṣí i."

Tọ́pẹ́ nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ó dùn o. Ṣùgbọ́n ohùn yín wárìrì. Ṣé ká tún un gbà?"

Mo ní rárá, kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tilẹ̀kùn lohùn ẹ̀ ò gbọdọ̀ wárìrì.